Ẹja Igi Tí Ó Ń Tiro

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ tún sún mọ́ mi sí i. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohùn mi láti òkè odò dé ìsàlẹ̀ odò, ẹ má wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Lónìí n kò ní pariwo, n kò sì ní fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe, nítorí Àyọ̀ká ìyàwó mi ń sùn lẹ́yìn ògiri yìí. Oorun ọ̀sán ni ó ń sùn, èyí tí ó dùn ju gbogbo oorun lọ. Ẹni tí ẹ̀rín bá ń pa, kí ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹni tí ikọ́ bá ń yọ lẹ́nu, kí ó lọ sí ìdí ọsàn lọ́hùn-ún, kí ó wú u tán kí ó tó padà.

Ọnàolápọ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó wá kí mi láti ìsàlẹ̀ odò, ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí jáde. Ó wọ abẹ́ àtíbàbà mi láàárọ̀, ó gbójú sókè, ó rí ẹja igi mẹ́tàlélógójì tí mo so rọ̀, ó sì ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n ni? N kò rí ọ̀kan ṣoṣo tí ó gún nínú gbogbo wọn." Mo ti rí ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ẹ̀wù. Ẹ máa rín in lọ. Èmi Ọdẹ́dìran ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀, èmi tí ẹfọ̀n rí lọ́sàn-án gangan tí ó gbàgbé ibi tí ó fi ìwo rẹ̀ sí, èmi tí erin yà fún lọ́nà tí ó sì tún bi mí léèrè ara ilé. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n rí. Ṣùgbọ́n ara mi kì í gba ìjókòó. Bí ẹ bá rí i tí mo dìde tí mo tún jókòó, kì í ṣe pé ìtàn ti tán. Ní ti ẹsẹ̀ òsì mi tí mo ń wọ́ yìí, ẹ ti gbọ́ lẹ́nu mi pé ẹkùn ni ó bù ú jẹ. Ẹ jẹ́ kí á fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ọnàdèkó, bàbá tí ó bí bàbá mi, kì í fi àwọ̀n pẹja. Igi ahùn ni ó gbẹ́ ní ẹja kékeré, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́, ó sì fi ìwọ̀ irin sí i nídìí. Bí ó bá jù ú sínú odò Àwẹ̀rẹ́ tí ó ń fa okùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹja ńlá yóò rò pé oúnjẹ ń lọ, yóò gbé e hán. Wọ́n ní nígbà ayé bàbá náà, ológbò ilé wa kì í jẹ eku. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹja igi náà fi kàn mí, ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, ìwọ̀ rẹ̀ ti dógùn-ún já bọ́, èèpo lásán ni ó kù. Bí omi bá kàn án, yóò fọ́. Nítorí náà mo ní kí n gbẹ́ irú rẹ̀.

Ẹ fi etí sí ibi tí mo ti ṣìnà. Ẹja tí bàbá gbẹ́ náà wọ́. Ojú kan wà lókè, ojú kejì wà nísàlẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ni ojú òkè, òjé ni ti ìsàlẹ̀, a sì gbà pé ìlẹ̀kẹ̀ ni ó tán lọ́wọ́ bàbá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ jìn wọnú ju ti ọ̀tún lọ. Ìrù rẹ̀ yà sápá kan. Gbogbo wa nílé mọ̀ pé bàbá ti darúgbó nígbà tí ó gbẹ́ ẹ, pé ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, pé akèrègbè ẹmu kò sì jìnnà sí i. Ta ni yóò wá sọ ọ́? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Nígbà tí mo ń gbẹ́ tèmi, mo bo àṣírí bàbá. Mo fi ìlẹ̀kẹ̀ méjì ṣe ojú, mo mú wọn dọ́gba, mo mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì bá ara wọn mu, mo na ìrù tààrà. Inú mi dùn pé ọmọ tí ó mọ iyì bàbá ni mí.

Ẹja kan kò jẹ ẹ́. Mo gbẹ́ òmíràn. Ẹja wá, wọ́n wò ó, wọ́n kọjá lọ bí ẹni tí ó rí onígbèsè. Mo dẹ́bi fún igi, mo pààrọ̀ igi. Ọjọ́ ìpẹja ọdún ń bọ̀, gbogbo ìlú yóò péjú sétí odò, mo sì ti fọ́nnu káàkiri pé ẹja tí ó tóbi jù lọ, tèmi ni. Mo bá dẹ́bi fún okùn. Àyọ̀ká ni ó ń fi ìko lọ́ okùn náà lórí itan rẹ̀. Mo ní ó le jù. Ó lọ́ òmíràn. Mo ní ó rọ̀ jù. Ó lọ́ òmíràn. Ẹ jẹ́ kí n kọjá níbẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àyọ̀ká lọ fọṣọ létí odò. Ó fi orí lé àpáta, ọwọ́ rẹ̀ kan wà nínú omi, oorun sì gbé e lọ. Ẹja kan tí à ń pè ní Gbóorunmì wá sínú ibú ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó dúdú, ó gùn tó ọkọ̀ ojú omi. Ẹja yìí gòkè wá, ó fi ètè kan àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó mi, ó sì gbé oorun inú rẹ̀ mì. Olè ni, gbéwiri ni! Báyìí ni mo ti máa ń sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà Àyọ̀ká kò sùn mọ́. Bí ó bá pa ojú dé, ìpéǹpéjú rẹ̀ yóò ṣí padà fúnra rẹ̀. Ó ń gbá àgbàlá tí ó ti gbá. Ó ń yí ọmọ ọlọ lórí ọlọ tí kò sí ata níbẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń ka òpó ilé, ó ń tún un kà. Ẹran ara rẹ̀ ń yọ́. Ìyá rẹ̀, Ẹfúntọ́lá, tí ó rí ẹja náà tí ó ń wẹ̀ lọ sí òkè odò, wá dúró lé mi lórí. Ó ní, "Àna mi, ara tí kò bá sùn kì í kọjá ọgbọ̀n ọjọ́. Mọ́kànlá ti lọ. Adágún Àìpajúdé ni ẹja yẹn ń gbé. Bí ẹ ó bá lọ, ẹ lọ. Bí ẹ kò bá ní í lọ, ẹ dìde níbẹ̀ kí èmi jókòó, kí n rí ibi sunkún sí."

Mo dìde. Mo kó ẹja igi méje mi tí ó gún régé sápò, mo fi ti bàbá sí àyà bí ààbò, mo ká okùn Àyọ̀ká mọ́ ìbàdí, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ẹ̀rù bà mí, mo fẹ́ràn obìnrin náà.

Igbó Àìjókòó ni mo kọ́kọ́ wọ̀. Igi igbó náà kì í dúró lójú kan. Bí o bá fi ìrókò sí apá ọ̀tún, kí o tó sín, ó ti wà lápá òsì, ó ń bá àràbà jà sí ibi tí oòrùn mọ́lẹ̀ sí. Ẹni tí ó bá jókòó níbẹ̀, gbòǹgbò yóò hù ní ìdí rẹ̀. Mo rí ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ti di igi dé ọrùn, ọ̀kan sì bi mí bóyá ọjà ìlú òun ṣì ń ná. Mo ń rìn, mo ń jẹun lórí ìrìn, mo ń gbàdúrà lórí ìrìn. Ní ọjọ́ kẹta, iwin kan yọ sí mi. Onígbòǹgbò ni orúkọ rẹ̀. Orí rẹ̀ wà lórí orúnkún, orúnkún náà kò sì yé gbọ̀n, nítorí náà bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni ojú rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

Ó ní, "Ọmọ ènìyàn, níbo?"

Mo ní, "Ìwọ iwin tí orí rẹ̀ ṣì ibùjókòó, yà fún mi! Èmi Ọdẹ́dìran ni!"

Ó fi ìka kan tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìbéèrè kan ni owó ibodè mi. Kí ni bàbá ń fi pamọ́ fún ọmọ, tí ọmọ ń bá bàbá fi pamọ́, títí yóò fi sọnù mọ́ àwọn méjèèjì lọ́wọ́?"

Mo ní, "Owó." Ó gbá mi létí. Mo ní, "Oògùn." Ó gbá mi ní etí kejì. Mo ní, "Orúkọ obìnrin kan." Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbá mi ní ìpàkọ́. Ó wá fa gbòǹgbò kan tí ó tín-ín-rín bí òwú yọ nínú ilẹ̀, ó so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ òsì mi. Ó ní, "Lọ. Bí o bá padà dé láìmọ̀ ọ́n, èyí ni yóò fà ọ́ wọlẹ̀."

Láti ibẹ̀ ni mo dé Ìlú Ọgbọọgba. Ìlú tí ó mọ́ ni. Ilé tí ó wà lọ́tùn-ún rí gẹ́lẹ́ bí èyí tí ó wà lósì, èjìká àwọn ará ibẹ̀ dọ́gba, eyín wọn dọ́gba. Bí eyín kan bá bọ́ lẹ́nu wọn, wọn yóò yọ èkejì tí ó kọjú sí i. Nígbà tí mo kó ẹja igi mi jáde, wọ́n pariwo ayọ̀. Baálẹ̀ wọn fi okùn wọn ojú kan, ó wọn ojú kejì, ó dì mọ́ mi. "Gbẹ́nàgbẹ́nà tí a ti ń retí nìyí!" Wọ́n fi àga fún mi, wọ́n ní kí n jẹ́ olórí oníṣẹ́ ọnà. N kò ní purọ́ fún yín, orí mi wú. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀ tí mo ń gba ìyìn, nígbà tí ìyàwó mi ń ka òpó ilé. Ojú ń tì mí bí mo ti ń sọ ọ́ yìí.

Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ wọn kò ní ẹja. Omi àti iyọ̀ ni. Ní gbogbo àjà ni wọ́n so ẹja igi tí ó gún rọ̀ sí, ẹ̀yin kò rí ọ̀ṣọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, ikùn wọn sì ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ìyá arúgbó kan tí ó ń bu ọbẹ̀ fún mi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Wọ́n lẹ́wà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń wò wọ́n. N kò tíì yó." Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn là mí lójú, ṣùgbọ́n ìyìn ti dí mi létí.

Ní ọjọ́ karùn-ún ni baálẹ̀ rí àpá tí iná dá sí mi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún láti kékeré. Ó ṣe háà. Ó ní, "Àlejò, ó ku díẹ̀ kí ẹ pé! Ẹ má ṣèyọnu, alágbẹ̀dẹ wa mọ iṣẹ́." Mo wo ẹ̀yìn, mo rí alágbẹ̀dẹ náà tí ó ń fín iná, tí ó ti irin bọ inú ẹyín. Ẹ̀yin ará, ọdẹ tí ó bá ẹfọ̀n jà ni mí, ṣùgbọ́n mo sá. Mo fo odi, mo fo kòtò, mo fo ewúrẹ́ méjì tí ìwo wọn dọ́gba. Wọ́n ń ké lẹ́yìn mi pé, "Ẹ dúró kí á tún yín ṣe!"

Nígbà tí mo fi dé Adágún Àìpajúdé, ọjọ́ mẹ́rin péré ni ó kù fún Àyọ̀ká, bẹ́ẹ̀ sì ni ilé jìn ní ìrìn ọjọ́ méjì bí mo bá gba ọ̀nà tí ó ṣe tààrà. Omi adágún náà mọ́ títí dé ìsàlẹ̀. Mo rí Gbóorunmì níbẹ̀, ó na ara sílẹ̀ gbalaja, ikùn rẹ̀ ń tàn fírí bí ẹni tí ó gbé àtùpà mì. Oorun ìyàwó mi ni ìmọ́lẹ̀ yẹn. Mo ju ẹja igi kìíní. Ó wẹ̀ lọ geere, ó dára lójú. Gbóorunmì gbé ojú kan wò ó, ó yí ẹ̀yìn padà. Mo ju ìkejì, mo ju ìkẹta, mo ju ìkeje. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ pàápàá kò yà fún wọn.

Ara mi kò gbà á. Mo dìde, mo jókòó, mo rin etí omi lọ, mo rìn ín bọ̀. Mo yọ ẹja bàbá jáde láti àyà, mo ń yí i po lọ́wọ́, ọwọ́ mi tí kì í gbélẹ̀ sì ti so ó mọ́ okùn kí ọkàn mi tó dá a lẹ́kun. Mo jù ú.

Ó tiro! Ẹja igi náà tiro nínú omi bí ẹja tí ẹyẹ ti gún lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ó já bọ́. Ó ń yà sósì, ó ń gbìyànjú láti gún, ó tún ń yà. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹja adágún ti dìde, wọ́n rọ́ lù ú, Gbóorunmì wà níwájú wọn, ó la ẹnu, èèpo náà sì fọ́ yángá. Ohun kan ṣoṣo tí Ọnàdèkó fi sílẹ̀ láyé, èmi ni mo bà á jẹ́. Mo sunkún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Bàbá kò mutí yó. Ojú rẹ̀ kò ṣe bàìbàì. Ẹja ńlá kì í lé èyí tí ara rẹ̀ dá. Èyí tí ó ń tiro ni ó ń jẹ. Gbogbo ibi tí a rò pé ọwọ́ bàbá ti yẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Àwa tí a ń bu ọlá fún un, àwa ni a fi ọlá bò ó mọ́lẹ̀.

Mo gé ẹ̀ka ahùn, mo tú ìwọ̀ kúrò lára ọ̀kan nínú méje tèmi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Ẹ má rò pé ó rọrùn. Mo mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì jìn jù, ó ń yí bí òkòtó. Mo dín in kù, mo yí ìrù sápá kan, ó forí sọlẹ̀ bí òkúta. Mo fá ìrù náà fẹ́ẹ́rẹ́, ó léfòó, kò tiro. Ọjọ́ kan lọ. Ní ọjọ́ kejì ni mo rántí ojú tí ó wà nísàlẹ̀, ojú òjé tí a ní àìní ìlẹ̀kẹ̀ ló fà á. Mo tú ọta ìbọn mi, mo fi òkúta lu ọ̀kan pẹlẹbẹ, mo tẹ̀ ẹ́ sí ibi tí bàbá tẹ tirẹ̀ sí. Mo jù ú. Ó yà sósì, ó gbìyànjú láti gún, ó tún yà. Gbóorunmì sì gbé e hán!

Omi ru. Okùn Àyọ̀ká gé mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò já; ẹni tí ó lọ́ ọ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo fa ẹja náà dé etí omi, mo yọ ọ̀bẹ. Mo ní, "Olè! Pọ oorun ìyàwó mi!"

Ẹja náà wò mí. Ó ní, "Ta ni ó jalè?"

Níbí ni mo ti máa ń parọ́ fún yín. Mo máa ń sọ pé mo la ikùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dìde díẹ̀. Ó dáa, mo ti jókòó. Ẹ gbọ́ bí ó ti rí.

Mo sọ fún yín lẹ́ẹ̀kan pé kí n kọjá níbi okùn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Àyọ̀ká fi lọ́ okùn fún mi, tọ̀sán tòru. Bí ó bá tòògbé, mo gbọ̀n ọ́n léjìká. Itan rẹ̀ bó. Ó ní, "Bàbá Ọnàyẹmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ojú kan oorun díẹ̀." Ohun tí mo fi dá a lóhùn ni pé, "Lọ sọ oorun náà sódò. Okùn ni mo fẹ́." Ó gbé aṣọ tí ó fẹ́ fọ̀, ó lọ sódò.

Ẹja náà ní, "Ìwọ ni o ní kí ó sọ ọ́ sódò. Odò ni mo wà. Mo gbé e mì kí ó má bàa bá omi lọ." Ó la ẹnu, ó pọ oorun náà sí mi lọ́wọ́. Ó rọ̀ bí ẹ̀gbọ̀n òwú, ó móoru, ó ń mí. Mo yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, mo jẹ́ kí ó lọ.

Mo gba Igbó Àìjókòó padà, Onígbòǹgbò sì yọ. Mo ké pé, "Àṣìṣe! Ohun tí bàbá ń fi pamọ́ tí ọmọ ń bá a fi pamọ́, àṣìṣe ni! Àwa pe ọgbọ́n bàbá ní àṣìṣe, a bò ó, ọgbọ́n náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ."

Orúnkún rẹ̀ dúró, kò gbọ̀n mọ́. Ó ní, "O gbà á. Tìrẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Tèmi kẹ̀? Ẹja kan ló jalè."

Ó rẹ́rìn-ín, kò sì tú gbòǹgbò ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Máa wọ́ ọ lọ sílé. Ọjọ́ tí o bá sọ ọ́ lójú ènìyàn, wá ẹni tí yóò bá ọ tú u."

Ọgbọ̀n ọjọ́ pé gẹ́lẹ́ nígbà tí mo dé. Àyọ̀ká dúró láàárín àgbàlá, ó di ìgbálẹ̀ mú, kò mọ̀ mí mọ́. Mo fi oorun náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìgbálẹ̀ bọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi sùn, ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó ń lé eṣinṣin. Nígbà tí ó jí, ó bi mí pé, "Níbo lẹ ti rí i?" Mo ní, "Ẹja kan ló jí i." Ó wò mí, ó ní, "Ó dáa." Láti ọjọ́ náà kò tún mẹ́nu kàn án.

Ọnàolápọ̀, o rí ìdí tí ẹja mi kò fi gún. Ẹ̀yin yòókù, ẹkùn kankan kò bù mí jẹ. Gbogbo ìgbà tí mo bá pe ẹja náà ní olè ni gbòǹgbò yìí ń fún mọ́ mi lọ́rùn ẹsẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má bo àṣìṣe bàbá wọn, mo sì jókòó lé tèmi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Èmi ni mo gba oorun lójú ìyàwó mi. Ẹja kọ́. Ó dùn mí, mo sì tọrọ àforíjì, bí kò tilẹ̀ gbọ́ níbi tí ó ń sùn sí. Ó yá, ẹ rọra dìde, kí àga má dún...

Ta ni ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri?

"Èmi ni, Bàbá Ọnàyẹmí. Mo ti jí láti ìgbà tí ẹ ti fo ewúrẹ́. Ohun tí mo ti ń dúró dè láti ọdún mọ́kànlélógún nìyẹn. Ẹ wọlé wá, kí n bá yín tú ẹsẹ̀ yẹn. Kí àwọn àlejò máa lọ sílé o, oorun ń kùn mí."